Raymond Carver: ṣé ìwé 1981 lẹ máa rà ni àbí Beginners?

Tẹ́ ẹ bá ń wá ìwé ìtàn kéékèèké Carver, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà yẹn, rà, ẹ máa bá méjì kan pàdé tí wọ́n jọra gan-an, ẹ má rò pé ìwé kan náà ni wọ́n kàn yí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ padà o. Àkọ́kọ́ ni What We Talk About When We Talk About Love tí ilé ìtẹ̀wé Knopf gbé jáde ní 1981, òun ló sọ ọkùnrin yẹn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà. Èkejì ni Beginners, 2009 ló jáde, Carver sì ti kú láti 1988. Ìtàn 17 ló wà nínú ìkínní, ìtàn 17 yẹn náà ló wà nínú ìkejì, àmọ́ ti Beginners gùn gan-an ju tàkọ́kọ́ lọ.

Ohun tó fà á ni pé Gordon Lish, olóòtú ẹ̀ ní Knopf, gé ohun tó ju ìdajì ọ̀rọ̀ tí Carver kọ dànù kí ìwé 1981 tó jáde, ó yí orúkọ àwọn ìtàn kan padà, ó tún ìparí òmíì kọ. Nígbà tí Carver rí i, ó kọ lẹ́tà sí i ní July 8, 1980, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ dá ìwé náà dúró. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pé ọdún mẹ́ta tó ti jáwọ́ nínú ọtí ni, ìtàn kíkọ yẹn wà lára ohun tó mú un dúró, ẹ̀rù wá ń bà á pé tí ìwé bá jáde báyẹn òun lè má kọ nǹkan kan mọ́. Ìwé ṣáà jáde. Tess Gallagher, ìyàwó tó fi sáyé lọ, ni ò jẹ́ kọ́rọ̀ náà kú, àwọn onímọ̀ ìwé méjì, William Stull àti Maureen Carroll, ló wá fara balẹ̀ dá gbogbo ohun tí wọ́n gé padà sáyè ẹ̀, òun ló di Beginners.

Ẹ jẹ́ n fi ìtàn kan ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn. Ìyá kan lọ ní kí wọ́n ṣe kéèkì fún ọmọ ẹ̀ Scotty tó fẹ́ pé ọdún mẹ́jọ, kéèkì tó ní ọkọ̀ òfurufú tó ń lọ sójú ọ̀run àti ìràwọ̀ funfun lórí. Lọ́jọ́ ìbí yẹn gan-an ni mọ́tò gbá ọmọ, ó sùn ní ọsibítù kò jí, oníkéèkì tí ò mọ nǹkan kan wá ń pe fóònù ilé wọn ṣáá torí kéèkì tí ẹnikẹ́ni ò wá gbà. Nínú ìwé 1981, "The Bath" ni wọ́n pè é: ìyá délé pé kóun wẹ̀, fóònù dún, ohùn kan ní ọ̀rọ̀ Scotty ni, ó parí síbẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ọmọ yè àbí ó kú. Nínú Beginners, "A Small, Good Thing" lorúkọ ẹ̀, ọmọ kú, bàbá àti ìyá fi ìbínú wa mọ́tò lọ bá oníkéèkì lóru. Ìgbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó tọrọ ìdáríjì, ó fún wọn níjòkòó, ó gbé búrẹ́dì gbígbóná látinú ààrò síwájú wọn, nígbà tó yá ó bu búrẹ́dì dúdú kan sí méjì pé kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ti ṣẹ̀ rí mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ń bẹ̀ ọ́ pé ṣáà jẹun díẹ̀. Ó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìtàn yìí tí Lish gé, ó dùn mí gan-an nígbà tí mo ka méjèèjì tẹ̀ léra, torí àánú inú ẹ̀ ni wọ́n gé lọ.

Mi ò ní purọ́ fún yín ṣá, kì í ṣe gbogbo ibi tí Lish fọwọ́ kàn ló bàjẹ́. "Tell the Women We're Going" lágbára nínú ìwé 1981, ìlà mélòó kan péré ni ìparí ẹ̀, ara yín á bù máṣọ, ti Beginners fa ibi tí wọ́n ti ń lé àwọn ọmọbìnrin inú ìtàn náà gùn jù. "Popular Mechanics" tó ń jẹ́ "Mine" nínú Beginners, kékeré ni ìyàtọ̀ ẹ̀. Àmọ́ nínú ìtàn tó fún ìwé 1981 lórúkọ, àwọn arúgbó méjì tí mọ́tò kọ lù ò lórúkọ, ìgbà tẹ́ ẹ bá ka Beginners lẹ máa mọ̀ pé Henry àti Anna Gates ni wọ́n, ẹ máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé pọ̀ nígbà òtútù, èmi fẹ́ràn ìyẹn jù.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, Beginners ni kẹ́ ẹ mú. Tẹ́ ẹ bá ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ìtàn, ẹ ra méjèèjì, tàbí kẹ́ ẹ wá Collected Stories tí Library of America ṣe ní 2009, ó tóbi lóòótọ́ àmọ́ méjèèjì wà nínú ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ àlòkù lẹ fẹ́ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ojú ewé tí wọ́n to orúkọ àwọn ìtàn sí. Tẹ́ ẹ bá rí "The Bath" níbẹ̀, ti Lish ni. Tẹ́ ẹ bá rí "A Small, Good Thing", ẹ má tíì sanwó, torí ó wà nínú Cathedral, ìwé ìtàn Carver míì tó jáde ní 1983, náà, ẹ wò ó bóyá "Mine" àti "Pie" wà pẹ̀lú ẹ̀.