Náílọ́nù dúdú abẹ́ kọnkéré: apá rẹ̀ ká ilẹ̀, kò ká ògiri

Bí ilẹ̀ yàrá bá ń rin, tí ẹní ń bu lábẹ́, náílọ́nù dúdú tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ kọnkéré ni àwọn tó ń ta nǹkan ìkọ́lé máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ọjà gidi ni, ṣùgbọ́n nínú àwọn ilé alámọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ní Òṣogbo, ìdajì iṣẹ́ ni.

Kí ẹ tó náwó, ẹ gé náílọ́nù tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóròó, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí omi bá sẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, láti inú ilẹ̀ ló ti ń bọ̀. Bó bá jẹ́ orí rẹ̀ ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló fà á. Fèrèsé ni kí ẹ ṣí.

Géèjì 1000 ni kí ẹ béèrè, ìyẹn èyí tó nípọn tó mílímítà 0.25. Ti 500 ti fẹ́lẹ́ jù. Ẹ gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀: bó bá lu wínníwínní, ẹ dá a padà. Èyí tí oòrùn ti ń pa níwájú ṣọ́ọ̀bù náà kò dáa, yíya ló máa ya.

Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 gba mítà 4 sí 4, torí ó gbọ́dọ̀ gun ògiri ní sẹ̀ǹtímítà 15 yíká. Ẹ lu ilẹ̀ kó le, kí ẹ da yanrìn sẹ̀ǹtímítà 5 sí i kí òkúta má baà lu náílọ́nù. Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ kúrò, ẹ má gbẹ́ ẹ kọjá ìdí ògiri amọ̀ o. Kọnkéré ínṣì 3 máa gba nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì 7. Páànù yanrìn 4 àti òkúta wẹ́wẹ́ 8 sí àpò kan. Wílìbárò ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Wọ́n á tì í gba orí náílọ́nù, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ á ya á, kọnkéré á bò ó, ó parí. Ẹ tẹ́ pákó fún un. Ẹ máa bomi rin kọnkéré náà fún ọjọ́ 7, kí ẹ sì fún un ní oṣù méjì àbọ̀ kí táìlì tó kàn.

Omi tí náílọ́nù dí lọ́nà, ẹ̀gbẹ́ ló máa yà sí, amọ̀ ògiri á sì fà á mu. Iyọ̀ funfun á yọ, pílásítà á wú. Ẹni tó bá tún fi sìmẹ́ǹtì àti ọ̀dà dídán bò ó ti dí ibi tí ògiri ń gbà mí. Ọ̀rinrin á túbọ̀ gòkè ni. Ẹ bó pílásítà náà kọjá ibi tí ọ̀rinrin dé ní sẹ̀ǹtímítà 30, kó gbẹ nígbà ọyẹ́, kí ẹ wá fi amọ̀ tí ẹ po mọ́ yanrìn rẹ́ ẹ.

Ká sọ tòótọ́, ìta ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ. Ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ tó ń já sídìí ògiri lójoojúmọ́ òjò ju ohun tí ilẹ̀ ń fà lọ. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ ìta kó rẹlẹ̀ ju ti inú ní sẹ̀ǹtímítà 15, kó sì dà gẹ̀rẹ́ kúrò lára ògiri, sẹ̀ǹtímítà 5 nínú mítà kan.

Fún ilé etí odò Ọ̀ṣun tí omíyalé ti wọ̀ rí, ẹ má ra náílọ́nù yìí. Omi tó bá gba ojú ilẹ̀kùn wọlé, orí náílọ́nù náà ni yóò jókòó sí.