Eré Orin, Àsọyé, Kíláàsì Iṣẹ́ Ọnà: Èwo Ni Kí Ẹ Fowó Rà Nínú Ètò Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì?

Tí sáà tuntun bá ti ń wọlé, kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì máa ń gbé ìwé ètò jáde: eré orin lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, àsọyé ọ̀jọ̀gbọ́n kan lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kíláàsì amọ̀ tàbí ti àwòrán títẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ará ìta lè lọ sí púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà gàdàgbà kan náà ni wọ́n fi ń polówó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, olùrà á sì máa rò pé ọjà kan náà ni. Wọn ò jọra rárá. Ẹni tó bá ń fi kíláàsì falẹ̀ bí ẹni ń fi eré orin falẹ̀ á dé ibẹ̀ bá a pé àyè ti tán. Ẹni tó bá sáré sanwó àsọyé lè ti ra ohun tí wọ́n máa gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kí oṣù tó parí.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: tí mi ò bá lọ, ṣé nǹkan yìí ṣì lè wá bá mi nílé? Bí ó bá lè wá, mi ò ní yára yọ owó. Bí kò bá lè wá, ibẹ̀ ni kí owó lọ.

Àsọyé: ẹ béèrè bóyá wọ́n máa gbà á sílẹ̀

Àsọyé ni mo máa ń lọ́ra láti sanwó fún jù. Ní Gresham College ní Lọ́ńdọ̀nù, láti 1597 ni wọ́n ti ń sọ àsọyé fún ará ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Collège de France ní Paris, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1530, ẹnikẹ́ni ló lè wọlé lọ jókòó gbọ́ ẹ̀kọ́ láìforúkọ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ gíga púpọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní, tí fídíò rẹ̀ á sì jáde lẹ́yìn náà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ sanwó, ó yẹ kí ohun mìíràn wà níbẹ̀: yàrá kékeré tí ẹ ti lè bá olùsọ̀rọ̀ fọ̀rọ̀ wérọ̀, ìwé tí wọ́n máa fi kún un, tàbí olùsọ̀rọ̀ tó ti ní kí wọ́n má gba ohùn òun sílẹ̀.

Ẹ má sì fi oríṣi kan pe òmíràn. Àsọyé tí ọ̀jọ̀gbọ́n tuntun ń sọ nígbà tó bá gorí àga oyè rẹ̀ máa ń yé ará ìta, torí ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níjókòó, ó sì fẹ́ kí wọ́n mọ iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àṣà ni pé wọn kì í béèrè ìbéèrè lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ní ìbéèrè tó ń jẹ yín lọ́kàn, ibẹ̀ kọ́ ni kí ẹ gbé e lọ. Ìpàdé ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án ni ti ìbéèrè, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn síra wọn, ẹni tí kò bá sí nídìí iṣẹ́ náà á kàn máa wò ni.

Ohun kan tún wà nípa tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń ṣètò mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹni tó gbà á kò ní wá, torí náà wọ́n máa ń pín ju iye ìjókòó lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ìjókòó. Ẹ tètè dé.

Eré orin: ẹ wo gbọ̀ngàn kí ẹ tó wo orúkọ

Orúkọ olórin ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ wò. Èmi máa ń wo ibi tí wọ́n ti fẹ́ ṣe é, torí pé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibi tí àyè bá ti ṣí sílẹ̀ ni wọ́n ń gbé eré sí: ilé ìjọsìn olókùúta, gbọ̀ngàn àsọyé onírọ́ọ̀gì, yàrá orin gan-an, tàbí ilé oúnjẹ tí wọ́n kó tábìlì kúrò nínú rẹ̀.

Kì í ṣe nǹkan kékeré. Ní 1895, gbọ̀ngàn àsọyé kan wà nínú Fogg Art Museum ní Yunifásítì Harvard tí ọ̀rọ̀ olùkọ́ kì í ti í dún ketekete. Wọ́n ní kí Wallace Sabine, ọ̀dọ́ olùkọ́ físíìsì, wá nǹkan ṣe sí i. Òru ló máa ń wọ ibẹ̀ lọ, nígbà tí ariwo ìgboro bá ti rọlẹ̀, pẹ̀lú ọ̀pá fèrè dùùrù kan àti aago. Ó rí i pé ohùn máa ń rìn kiri nínú gbọ̀ngàn náà fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 5.5 kó tó parẹ́. Kí ọ̀rọ̀ kan tó kú, òmíràn ti gùn ún lórí. Ló bá ń kó tìmùtìmù ìjókòó wọlé láti Sanders Theatre tó wà nítòsí, díẹ̀díẹ̀, ó ń wo bí tìmùtìmù ṣe ń gbé ohùn mì. Ìmọ̀ tó rí níbẹ̀ ni wọ́n lò nígbà tí wọ́n ń kọ́ Symphony Hall ti Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900.

Kí ni èyí kan ẹni tó fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì? Ọ̀rọ̀ ẹnu fẹ́ gbọ̀ngàn tí ohùn ti ń kú láàárín bíi ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹgbẹ́ olórin ńlá tó ní fáyólìn àti fèrè rẹpẹtẹ fẹ́ bíi méjì. Ilé ìjọsìn olókùúta máa ń ju ìyẹn lọ dáadáa. Akọrin tí ń fi ẹnu lásán kọrin, tàbí dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì: ẹ lọ sí ilé ìjọsìn, ẹ ò ní kábàámọ̀. Ìlù pẹ̀lú gbohùngbohùn nínú ilé kan náà: ariwo ni ẹ máa gbọ́. Gbọ̀ngàn àsọyé onírọ́ọ̀gì ni òdìkejì rẹ̀. Ó dára fún eré tó ń lo ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n fáyólìn mẹ́rin nínú rẹ̀ á dún gbẹrẹfu, bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Bí ìwé ètò kò bá dárúkọ gbọ̀ngàn, ẹ pe ọ́fíìsì wọn kí ẹ tó sanwó.

Ilé àtijọ́ tún ní tirẹ̀. Holywell Music Room ní Oxford, tó jẹ́ ti Wadham College, ti wà láti 1748, orin ni wọ́n sì dìídì kọ́ ọ fún. Ilé kékeré tí ohùn ti ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo èèyàn. Sheldonian Theatre ní ìlú kan náà, tí Christopher Wren ya àwòrán rẹ̀, parí ní 1669. Ó rẹwà lójú, àmọ́ ẹ má retí àga rírọ̀ níbẹ̀. Tí ẹ̀yìn bá ń dùn yín, eré wákàtí méjì lórí pákó kì í ṣe ìgbádùn.

Ìyẹn gbé wa dé orí àkókò. Eré ọ̀sán kọ́lẹ́ẹ̀jì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi wákàtí kan, láìsí ìsinmi láàárín. Ti alẹ́ máa ń tó wákàtí méjì, pẹ̀lú ìsinmi bíi ìṣẹ́jú 20. Ẹni tí kò tíì gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí, ọ̀sán ni kó bẹ̀rẹ̀. Owó rẹ̀ kéré, nígbà mìíràn ọ̀fẹ́ ni, bí kò bá sì dùn mọ́ ọn, wákàtí kan ni.

Ní ti ẹni tó ń ṣeré, ẹ má fojú di akẹ́kọ̀ọ́. Eré ìdánwò àwọn tó fẹ́ parí ẹ̀kọ́ wọn máa ń ṣí sílẹ̀ fún ará ìta ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́. Orin díẹ̀ yẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ náà ti ń gbé dìde, tó ń gbé sùn láti ọdún kan, máàkì rẹ̀ sì wà lórí ohun tó bá ṣe lọ́jọ́ yẹn. Ìlúmọ̀ọ́ká tó ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn kì í fi gbogbo ìgbà ní irú iná yẹn nínú. Lójú tèmi, òun ni ọjà tó dára jù nínú gbogbo ìwé ètò, bẹ́ẹ̀ wọn kì í polówó rẹ̀. Ara ilé orin ni wọ́n máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.

Píánò: ẹ jókòó sápá òsì tí ẹ bá fẹ́ rí ọwọ́ olórin. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, ìjókòó tó rọjú jù ti tó.

Kíláàsì: ibi tí owó ti ń ṣòfò jù, ibẹ̀ náà ló ti ń so èso jù

Kò sí fídíò tó lè fi amọ̀ sí yín lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́kọ́ ra kíláàsì. Ṣùgbọ́n òun náà ló nílò ìbéèrè jù.

Ẹ jẹ́ ká mú kíláàsì amọ̀ ọlọ́jọ́ kan. Ìkòkò tí ẹ bá mọ kò ní bá yín lọ ilé lọ́jọ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ, èyí tó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀rinrin tó bá kù nínú rẹ̀ á di ooru nínú ààrò, á sì fọ́ ọ. Wọ́n á sun ún ní nǹkan bíi 1,000°C, wọ́n á jẹ́ kó tutù, wọ́n á kun ọ̀dà tó ń mú un dán, wọ́n á tún sun ún. Irú amọ̀ líle kan máa ń gbà ju 1,200°C lọ nígbà kejì yìí. Nítorí náà, ẹ béèrè: ta ló máa kun ọ̀dà náà? Ṣé owó sísun wà nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì? Ìgbà wo ni kí n wá gbé e? Ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn tí kò ní lè padà wá, kó yan nǹkan mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ lórí ẹ̀rọ tí ń yí ni wọ́n ti ń kọ́ni, ẹ mọ̀ pé ọjọ́ àkọ́kọ́ lè tán sórí bí amọ̀ á ṣe dúró sáàárín láìmì. Fífi ọwọ́ lásán mọ ọ́n ló ń jẹ́ kí ẹni tuntun ní nǹkan tí a lè pè ní abọ́.

Àwòrán títẹ̀ yàtọ̀. Ẹ ó gbẹ́ ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní lino, ẹ ó fi yíǹkì sí i, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà; gbogbo lẹ́tà ni ẹ gbọ́dọ̀ gbẹ́ sódì. Yíǹkì olómi á gbẹ kíákíá, olóròóró lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ìbéèrè ibẹ̀ ni iye ẹ̀rọ ìtẹ̀. Bí èèyàn 15 bá ń pín ẹ̀rọ kan, ìdajì ọjọ́ á lọ sórí ìlà.

Èyí tó yá jù ni àwòrán aláwọ̀ búlúù, cyanotype, tí John Herschel mú jáde ní 1842. Bébà tí wọ́n ti fi kẹ́míkà pa, ewé tàbí aṣọ olóju wẹ́wẹ́ lórí rẹ̀, oòrùn tàbí iná tó dà bí oòrùn, lẹ́yìn náà omi. Ó ń gbé àwọ̀ jáde lójú yín níbi tí ẹ ti ń fọ̀ ọ́. Ẹ ó gbé e lọ ilé lọ́jọ́ kan náà. Fún ẹni tó ń mú ọmọ dání, òun ni mo máa yàn.

Nípa olùkọ́: ẹ má jẹ́ kí orúkọ ńlá fa yín lójú mọ́ra jù. Òṣìṣẹ́ tó ń tún ààrò ṣe, tó ń da yíǹkì, tó ń kó ilé iṣẹ́ ọnà jọ lójoojúmọ́, ó sábà máa ń kọ́ni ju gbajúmọ̀ ayàwòrán lọ, torí ó ti rí gbogbo ọ̀nà tí nǹkan ń gbà bàjẹ́.

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìsanwó

Eré orin kì í sábà dá owó padà tí orin tàbí olórin bá yí padà. Wọ́n á ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àyípadà lè dé bá ètò. Kíláàsì lè fagi lé ara rẹ̀ tí èèyàn ò bá pọ̀ tó, nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tí kò ṣeé dá padà kí wọ́n tó fi dá yín lójú. Ẹdínwó fún akẹ́kọ̀ọ́ àti àgbàlagbà wọ́pọ̀. Ẹni tó ń tọ́jú aláàbọ̀ ara máa ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ ní láti béèrè, torí kì í sí lórí ojú ìwé tí ẹ ti ń sanwó.

Ẹ ra kíláàsì lọ́jọ́ tí ìwé ètò bá jáde, torí àyè mẹ́wàá sí méjìlá péré lè wà níbẹ̀. Eré orin lè dúró. Bí kíláàsì bá ti kún, ẹ fi orúkọ sínú ìwé àwọn tó ń retí àyè, kí ẹ sì pè wọ́n ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta sí ọjọ́ náà; ìgbà yẹn ni àwọn tó sanwó ṣáájú máa ń rántí pé àwọn ní ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé.