Gbígba owó ìdájọ́ lọ́wọ́ iléeṣẹ́: báǹkì ni àbí ẹrù?

Ẹni tí kóòtù gbèsè kékeré ní Èkó, tí kì í gbọ́ ẹjọ́ gbèsè tó bá ju ₦5,000,000 lọ, bá dá láre lè bẹ kóòtù pé kí báǹkì iléeṣẹ́ tó jẹ ẹ́ ní gbèsè dá owó iléeṣẹ́ náà dúró, kí báǹkì sì wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ó san án fún ẹni tí a dá láre. Ó sì lè ní kí akódà kó ẹrù wọn lọ lù ní gbàǹjo. Ti báǹkì ni mo fara mọ́, bí nọ́ḿbà àkáǹtì iléeṣẹ́ náà bá ti wà lára rìsíìtì ìsanwó, àyàfi tí àkáǹtì bá ṣófo. Kíkó ẹrù a máa dẹ́rù ba onígbèsè débi pé àwọn mìíràn a sanwó lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n firíjì tí iléeṣẹ́ yá lò lè dá ẹjọ́ mìíràn sílẹ̀, gbàǹjo kì í sì í sábà mú iye tí ẹrù tó wá.