Àgbéyẹ̀wò: Ilẹ̀ tí mo rà ní díẹ̀díẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà, fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò ilẹ̀

Bí ẹ bá ń wá ilẹ̀ tí ẹ máa fi pamọ́ tàbí tí ẹ máa kọ́lé sí lọ́jọ́ iwájú, ilé-iṣẹ́ tó ta tèmi fún mi ṣeé bá dòwò pọ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ rà kí ẹ sì tètè tà á jèrè ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dópin. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ohun tójú mi rí níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ọlọ́jà ẹgbẹ́ mi ní Gbági ń rí lọ́dọ̀ àwọn mìíràn.

Ẹ̀yìn Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, ni ilẹ̀ náà wà, pulọ́ọ̀tì kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó sì gùn ní 100. Láti ìgbà tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, tí ibùdókọ̀ rẹ̀ sì wà ní Mọ́níyà, kò sí ajẹ́ńtì tí kì í fi ọkọ̀ ojú irin polówó agbègbè yẹn. Wọ́n pè é ní ₦2,000,000, kí n san án láàárín ọdún kan. Owó tó wà nínú ìpolówó nìyẹn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n san án tán ni wọ́n tó kó ìyókù jáde: ₦350,000 fún sọ́féè (wíwọn ilẹ̀ àti yíya pláànù rẹ̀), ₦150,000 fún ìwé àdéhùn tí lọ́yà wọn máa kọ, ₦500,000 fún ọ̀nà àti gọ́tà. Ìdajì owó ilẹ̀ gan-an ló tún gorí ẹ̀ yẹn! Ó dùn mí wọra. Ẹni tó ń fi èrè ọjà sanwó ilẹ̀ ti ṣírò ohun tágbára rẹ̀ ká lóṣooṣù. Bí wọ́n bá já irú owó bẹ́ẹ̀ lù ú lẹ́yìn tó ti san púpọ̀, kò rọrùn fún un láti yọwọ́, torí ó wà nínú àdéhùn wọn pé ẹni tó bá gba owó rẹ̀ padà máa fi ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n ti tẹ́ mi lọ́rùn. Kí n tó san kọ́bọ̀ ni mo ti ní mo máa mú sọ́féyọ̀ tèmi wá, wọn ò sì janpata. Ọkùnrin náà gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kékeré sórí òpó sìmẹ́ǹtì tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan, ó fọwọ́ gbo amọ̀ pupa tó bo nọ́ńbà orí òpó títí ó fi hàn ketekete, ó wá fi wé èyí tó wà nínú pláànù. Lẹ́yìn náà ló kó nọ́ńbà àwọn igun náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Sẹkitéríàtì, Agodi, kí wọ́n gbé e lé máàpù ìjọba. Ibẹ̀ ló ti hàn pé igun kan nínú pulọ́ọ̀tì tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí wọnú ibi tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Téèyàn bá dúró níbẹ̀, kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gẹ́ ló wà níhìn-ín, ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́hùn-ún. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún mi láìjà láìta, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mú sọ́féyọ̀ wá ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ ló yẹ kó ṣe àyẹ̀wò yìí kó tó gé ilẹ̀ tà.

Lọ́yà mi béèrè ìwé tí wọ́n fi ra ilẹ̀ lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí. Bí mọ́gàjí, ìyẹn olórí ẹbí, bá dá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí àwọn àgbà ẹbí, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e; bí àwọn ọmọ ẹbí bá sì tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà ò ta rárá. Mọ́gàjí àti àwọn àgbà ti fọwọ́ sí ìwé tiwọn. Ìfọwọ́sí gómìnà, tí Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ní ká gbà, wọ́n ní kí kálukú lọ ṣe tirẹ̀. Owó tún nìyẹn.

Títà ló wá le jù. Ajẹ́ńtì wọn, ọmọ dáadáa tó mọ èèyàn bá sọ̀rọ̀, ti fi mí lọ́kàn balẹ̀: “Mọ̀ọ́mì, ẹ má dààmú, ilẹ̀ kì í jẹrà. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní ẹ fẹ́ tà ni wọ́n máa rà á.” Mo gbé e síta lóòótọ́. Ohun kan náà ni gbogbo ẹni tó pè mí ń béèrè: ṣé àwọn lè san án díẹ̀díẹ̀? Kò sì yà mí lẹ́nu, torí ilé-iṣẹ́ yìí kan náà ṣì ń ta èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, wọ́n sì ń fún èèyàn lọ́dún kan láti san án. Ta ló máa kó owó ńlá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún èmi? Èmi tí mo fẹ́ jèrè gbọ́dọ̀ fi owó sọ́féè àti ti gọ́tà lé e, kí n tún yọ ti ajẹ́ńtì, ni tèmi bá wọ́n ju tiwọn lọ. Àfi kí wọ́n ta gbogbo ẹ́sítéètì tán kí tèmi tó rí ẹni rà á. Kò sẹ́ni tó ń sọ èyí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ nínú òwò yìí, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ rélùwéè lọ.

Wọ́n ti fi katakata la ọ̀nà. Gọ́tà tí mo ti sanwó rẹ̀ ni mi ò tíì rí, àgbàrá sì ti ń jẹ ọ̀nà náà. Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe gọ́tà, tí wọ́n sì ń kọ gbogbo owó pátá sínú ìwé kan ṣoṣo kí oníbàárà tó san kọ́bọ̀, màá sọ ọ́ di 4.