Ẹ ṣọ́ra o! Mo san owó àgbọ̀n ẹja ekurá, POP ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àgbọ̀n ẹja (ẹnu rẹ̀ gbígbẹ, teyínteyín) jọ bíi tèmi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. ₦85,000 ni ọkùnrin kan gbà lọ́wọ́ mi, owó wéébíìlì sì tún lọ́tọ̀. POP ló fi ránṣẹ́. POP tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé!

Ó ní àgbọ̀n ekurá funfun ńlá ni, láti Gúúsù Áfíríkà. (Ṣáàkì ni mò ń sọ o, kì í ṣe ṣàkì inú màlúù. Ìyàwó mi gan-an bi mí pé irú ṣàkì wo ni wọ́n ń tà ní ₦85,000.) Ó fi fídíò ránṣẹ́. Ojúlówó ni èyí tó wà nínú fídíò yẹn! Mo rí eyín tó tò lẹ́yìn ara wọn, mo rí etí wọn tó rí ṣákaṣàka bí ẹnu ayùn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n san ìdajì ná, ó ní ẹnì kan ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn wá rà á. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo fi gbogbo owó ránṣẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta, dírẹ́bà pè mí pé kí n wá gba ẹrù ní Tákíè, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo gun ọ̀kadà láti Under G, mò ń dá rẹ́rìn-ín lọ́nà. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe POP ládùúgbò wa ló bá mi tú àpò náà. Ó kàn fi èékánná ha eyín kan, ìyẹ̀fun funfun sì dà sórí ṣòkòtò mi. Ó ní, "Tísà, POP mà nìyí. Ẹni tó ṣe é ò tiẹ̀ fi sáńpépà ra á dáadáa." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n yéé rẹ́rìn-ín, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀.

POP! Ibi tí wọ́n ti so mọ́ọ̀dù méjì pọ̀ hàn gbangba bí ojú rírán ṣòkòtò. Wọ́n kùn ún ní ọ̀dà yélò kó lè jọ ohun tó ti pẹ́. Eyín ìlà kan ṣoṣo, bí eyín àtọwọ́dá tí ìyá àgbà ń bọ́ sínú ife lálẹ́.

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní bàọ́lọ́jì! Mo mọ̀ pé ekurá ò ní egungun, irú bísíkíìtì bóòn inú ẹran yẹn ló wà lára rẹ̀. Tí àgbọ̀n rẹ̀ bá gbẹ, á súnkì, á wọ́. Ọkùnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé "egungun líle ni, kì í wọ́." Mo gbọ́, mo sì sanwó. Ẹ má wá bú mi o. Ẹni tí wọn ò bá rẹ́ jẹ rí kó nàka sókè.

Mo béèrè ìwé, ó ní ìwé ń bọ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ti fòfin dáàbò bo ẹja yìí láti 1991, CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko inú igbó àti omi, sì fi òwò rẹ̀ sábẹ́ àkóso ní 2004. Ká ní ojúlówó ni, ó lè kó mi sí wàhálà. Ìyẹn ò tù mí nínú rárá.

Mo fi nọ́ńbà mìíràn pè é lánàá. Ó ní ó ku ọ̀kan ṣoṣo, ẹnì kan ti ń bọ̀ láti Ìbàdàn.

Ẹ ní kí ẹni tó fẹ́ tà á fún yín pè yín lórí fídíò, kó kọ orúkọ yín sórí bébà tì í. Kó fi ẹ̀yìn eyín hàn yín: ìlà eyín mìíràn gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Èékánná á ha POP, abẹ́rẹ́ gbígbóná á yọ́ ike. Ẹ má sanwó tán.

Èmi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Ìyá tó ti ń ta ẹyin fún mi ní Ọjà Ìgbò láti ọdún mẹ́fà, mo gbé ẹyin rẹ̀ sétí mò ń gbọ̀n ọ́n, ó kàn ń wò mí. Àgbọ̀n kékeré tó wà nílé mi, tí mo ti rà tipẹ́, mo fi èékánná ha á, mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná kàn án. Ojúlówó ni. Àpá iná ti wà lára rẹ̀ báyìí.