Ìbọn Ìwọngbóná: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta irinṣẹ́ ní Táíwò, ní Ìlọrin, yóò rí ìbọn ìwọngbóná lórí káńtà, irinṣẹ́ tó ń wọn bí nǹkan ṣe gbóná tó láì fara kàn án: gbogbo wọn rí bí ìbọn, owó wọn ò sì dọ́gba. Nọ́ńbà tó ga jù lára páálí ni ọlọ́jà máa ń fi polówó. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Èyí tí wọ́n ń nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà, tara ènìyàn ni. Kì í sábà kà kọjá 43°C. Ẹ má rà á fún ẹ́ńjìnnì.

Nínú àwọn ti iṣẹ́, olówó pọ́ọ́kú máa ń kà dé bíi 380°C, wọ́n sì ti de ε rẹ̀ mọ́ 0.95. ε yìí (emissivity) ló ń sọ bí ara nǹkan ṣe ń tú ooru jáde tó. Amọ̀, igi, rọ́bà, ọ̀dà, omi àti oúnjẹ kò jìnnà sí 0.95, kò sí wàhálà níbẹ̀. Irin tó ń dán ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ gbé ìkòkò alumíníọ̀mù tuntun kaná títí omi yóò fi hó. Ẹ yìn ín sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dán, ó lè kọ ohun tí kò tó 50°C. Ẹ yìn ín sí ibi tí èéfín ti sọ dúdú lára ìkòkò kan náà, yóò súnmọ́ 100°C. Ẹni tó bá gba ti àkọ́kọ́ gbọ́, tó wá fọwọ́ kàn án, á jóná.

Èyí tó wọ́n jù ú lọ jẹ́ kí ẹ lè yí ε, ó sì máa ń kà dé 550°C tàbí jù bẹ́ẹ̀. Òun ni mo fọwọ́ sí fún mẹkáníìkì àti wẹ́dà. Ti àwọn amọ̀kòkò Dàda, l'Ókèlélé, yàtọ̀: amọ̀ kò da ε láàmú, àmọ́ iná tó ń sun ún lè kọjá 600°C, èyí tó ń kà ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kí wọ́n béèrè.

Ẹ wo nọ́ńbà ìjìnnà tó wà lára rẹ̀, bíi 8:1 tàbí 12:1. 8:1 túmọ̀ sí pé tí ẹ bá dúró ní 80 cm, ibi tó fẹ̀ tó 10 cm ló ń wọ̀n. 12:1, ẹ lè dúró ní 120 cm. Iná pupa (lésà) tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kàn ń júwe ni, kì í ṣe òun ló ń wọ̀n. Bírékà kan kò fẹ̀ tó 2 cm, nítorí náà ẹni tó mú 12:1 ní láti súnmọ́ ọn tó bíi 20 cm kó tó lè ka bírékà náà nìkan. Iná mànàmáná ń bẹ níbẹ̀ o! Ẹni tó ń tún ínfátà ṣe, 30:1 ni kó rà, kó dúró lókèèrè.

Ẹ má yin iná pupa náà sí ojú ènìyàn tàbí sí dígí, ẹ má sì fún ọmọdé ṣeré. Tí ọyẹ́ bá dé, ẹ máa fi òwú nu eruku ojú ìbọn náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà bu omi yìnyín sínú ife, ẹ rò ó pọ̀, ẹ yìn ín láti tòsí. Tí ohun tó kọ bá fi ju 3°C lọ jìnnà sí òdo, ẹ dá a padà.