ÌKÌLỌ̀ O! Ẹ ṣọ́ra fún ọkùnrin tó ń ta “òróró igi Jámánì” fáwọn tó ní mọ́tò ilé l'Ábújá

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà l'Ábújá, Kàdúná, Jos títí dé Kánò, tẹ́ ẹ ní mọ́tò ilé, ìyẹn mọ́tò tó ní bẹ́ẹ̀dì, kíṣìnì àti kọ́bọ́ọ̀dù nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi òróró “bọ́” igi inú mọ́tò yín. Ọkùnrin kan wà níta tó ń lu àwọn èèyàn wa ní jìbìtì. Mi ò lè dárúkọ rẹ̀, torí orúkọ tó ń jẹ́ ní Jabi kọ́ ló ń jẹ́ ní Apo. Ọgbọ́n tó ń dá ni mo fẹ́ tú síta, torí ìyẹn ní tiẹ̀ kì í yí padà.

Káfíńtà ni mí, Kugbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Kọ́bọ́ọ̀dù ilé ni iṣẹ́ wa gan-an, àmọ́ àwọn mọ́tò yìí ti ń pọ̀ díẹ̀díẹ̀: tòkúnbọ̀ tó wá láti Yúróòpù, àti Sprinter tàbí Coaster táwọn èèyàn yọ àga inú rẹ̀ dànù, tí wọ́n wá kan pákó sí i bíi yàrá. Àwọn tó ń ya fíìmù ń lò ó, àwọn olóṣèlú ń lò ó nígbà ìpolongo, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba náà sì ń fi rìnrìn àjò. Látìgbà tí ọyẹ́ ti wọlé ni wọ́n ti ń gbé e wá bá mi, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn sì ń rò: ara igi ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ó ti ṣú, eruku ti dì mọ́ ọn pátápátá. Tí mo bá béèrè ohun tí wọ́n fi pa á, irú ìgò kan náà ni wọ́n ń yọ.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Ibi tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá ti ń dúró ló ń lọ dọdẹ sí, bíi ẹ̀bá adágún Jabi àti ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Apo. Yorùbá ló máa kọ́kọ́ sọ. Ó mọ̀ pé ẹni tó ti pẹ́ lókè ọya, tó wá gbọ́ “Ẹ kú ọyẹ́ o, Dádì, ẹ kú àfaradà òtútù”, ọkàn onítọ̀hún á ti rọ̀. Á béèrè ìlú yín. Ìlú tẹ́ ẹ bá dá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti bí ìyá ìyá rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi ní ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni, òmíràn ní ọmọ Ọ̀fà ni. Ìyá ìyá yẹn mà kúkú rìn o!

Lẹ́yìn ìyẹn ló máa ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun fojú kan igi inú mọ́tò, kò sówó ńbẹ̀. Á yọ àkísà funfun kan lápò, á fi nu ibì kan lára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Lójú ẹsẹ̀, ibẹ̀ á ṣì, á funfun, kò ní dán mọ́. “Ṣẹ́ ẹ rí i, Dádì? Igi yín ti ń kú. Ọyẹ́ ti fa òróró ara rẹ̀ gbẹ.” Ohun tí kò ní sọ ni pé tííná ló wà lára àkísà yẹn. Màmá kan tí wọ́n ti ṣe tíṣà rí ló sọ fún mi pé àwọn gbọ́ òórùn kan, àmọ́ àwọn rò pé lọ́fínńdà tí ọkùnrin náà fín sára ni. Tííná táwọn tó ń fín ọ̀dà mọ́tò ń lò máa ń yọ́ lákà, lákà sì ni wọ́n fi pa ojú igi inú àwọn kan lára mọ́tò wọ̀nyí kó lè máa dán. Fúnra rẹ̀ ló dá egbò náà sí i, kó lè rí ibi ta oògùn.

Oògùn ló wá kàn. Á da òróró díẹ̀ sójú ibi tó ṣì yẹn, á fọwọ́ ra á, ibẹ̀ á dán gbinrin. Á tún kán omi lé e lórí. Omi á ṣù róbótó, kò ní wọlé, onímọ́tò á sì pariwo pé “Ha!” Ibẹ̀ yẹn lowó ti ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn. Ẹ̀yin ará mi, kí ọkùnrin yìí tó dé ni omi ti ń ṣù lórí igi yẹn. Ẹ lọ dán an wò nínú mọ́tò tiyín nísinsìnyí: ẹ ti ìka bọ omi, ẹ kán an sára ilẹ̀kùn tẹ́nikẹ́ni ò tíì fi nǹkan kan pa. Á dúró lórí ibẹ̀ kọ́lọ́bọ́ ni, torí fánìṣì, lákà tàbí náílọ̀n ti wà níbẹ̀ láti iléeṣẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa nìyẹn. Igi inú ọ̀pọ̀ mọ́tò ilé kì í ṣe igi gidi látòkè délẹ̀. Nítorí ìwúwo, páláìwúùdù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí MDF, ìyẹn pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ lẹ́búlẹ́bú igi pọ̀ ṣe, ni wọ́n ń lò, wọ́n á wá lẹ bébà tàbí náílọ̀n tí wọ́n ya àwòrán igi sí mọ́ ọn lójú. Èyí tó wọ́n díẹ̀ á ní fínía lójú, ìyẹn awẹ́ igi gidi tí kò nípọn rárá, wọ́n á sì ti fi lákà bò ó. Férémù ilẹ̀kùn nìkan ló sábà máa ń jẹ́ igi gidi, òun náà sì ti mu fánìṣì. Níbo lòróró fẹ́ gbà wọlé? Bí ẹni fi òrí para lórí ìbọ̀wọ́ náílọ̀n ni. Orí ibẹ̀ náà ló máa jókòó sí, á máa gba eruku.

Ọ̀rọ̀ “bíbọ́ igi” yẹn gan-an, irọ́ ọjà ni. Igi tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti là sí pákó, kì í jẹun mọ́. Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń dà á láàmú. Nígbà òjò, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá tó ìdá 80 nínú 100, igi máa ń fa omi sára títí yóò fi tó bí ìdá 16 nínú 100 ìwúwo tó ní nígbà tó gbẹ pátápátá. Tí ọyẹ́ bá wá fa ọ̀rinrin yẹn wálẹ̀ sí ìdá 20, omi ara igi á bọ́ sí nǹkan bí ìdá 4 sí 5. Igi á sún kì, oríkèé á là, ilẹ̀kùn tó ń há lóṣù kẹjọ á wá máa mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ lóṣù kìíní. Omi ló jáde lára rẹ̀, kì í ṣe òróró, nítorí náà òróró ò lè dí àlàfo yẹn. Tí òjò bá padà dé, púpọ̀ nínú rẹ̀ á wú padà. Kódà ọ̀gànwó àti ìrókò gidi ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Kí ló wá wà nínú ìgò? Mo kán díẹ̀ nínú rẹ̀ sórí gíláàsì, mo kán òróró líńsídì gidi, ìyẹn òróró èso tí káfíńtà fi ń pa igi, èyí tí wọ́n ti sè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì gbé e sójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù. Líńsídì gbẹ, ó di awọ tí mo lè fi èékánná họ. Ti ọ̀gbẹ́ni yìí ṣì ń ṣàn wálẹ̀ tí mo bá gbé gíláàsì yẹn dúró, títí dòní tí mò ń kọ̀wé yìí, eruku Kugbo sì ti kún inú rẹ̀. Òróró tí kì í gbẹ láé ni, irú èyí tí wọ́n ń yọ lára epo rọ̀bì, tí wọ́n fi ń pa ọmọ jòjòló lára, tí wọ́n wá fi òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ sí. ₦45,000 ló ń ta lítà kan!

Ká ní ojú igi tó ń lẹ̀ nìkan ni, ǹ bá ní ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Àmọ́ sílíkónì wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun kan tó ń yọ̀, tí kì í jẹ́ kí fánìṣì lẹ̀ mọ́ igi. Mo mọ̀ nítorí nígbà tí mo nu ilẹ̀kùn màmá yẹn tán, tí mo fín fánìṣì tuntun sí i, ojú mi báyìí ni fánìṣì ṣe ń sá sẹ́yìn, tó ń la ihò róbótó róbótó, kékeré bí orí ìṣó, láti eteetí kan dé èkejì. Mo nù ún, mo tún fín in, ó tún là. Káfíńtà tó bá ti fín nǹkan rí mọ ohun tí mò ń sọ. Lára àwọn ìgò tí wọ́n gbé wá, òmíràn tún ń run kẹrosíìnì. Nínú ilé, ẹ lè ní kò burú. Nínú mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, tí sítóòfù gáàsì wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Kẹrosíìnì àti tííná tún máa ń rọ gọ́ọ̀mù. Etí náílọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í ká sókè, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, omi á sì rí ọ̀nà wọ inú MDF. MDF tí omi bá sì ti wọ̀, tó ti wú, ẹ bá mi gbàgbé rẹ̀.

Tí ẹnikẹ́ni bá tún wá bá yín, ẹ ní kó lo àkísà tiyín, kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ gba ìgò, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Ẹ ní kó kán an sórí gíláàsì kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tíì gbọ́ pé ó padà wá bá ẹnì kan rí. Ẹ tún wo lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ sára ìgò pé Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, síbẹ̀ kò sí àdírẹ́sì ẹni tó kó o wọ̀lú, kò sí nọ́ḿbà, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Àmì MANCAP ló wá wà níbẹ̀. Ọjà tí wọ́n bá ṣe ní Nàìjíríà níbí ni àjọ SON, tó ń rí sí ìjójúlówó ọjà, ń fún ní àmì MANCAP. Ìgò tó bá ní òun ti Jámánì wá, tó tún gbé MANCAP sáyà, ọ̀kan nínú méjèèjì ti parọ́. Èmi rò pé méjèèjì ni.

Orúkọ tó wà lórí àkáǹtì tó ní kí wọ́n sanwó sí kì í bá orúkọ tó dá fún yín mu. Ó máa ń ní àkáǹtì àbúrò òun ni. Tẹ́ ẹ bá béèrè rìsíìtì, á ní kẹ́ ẹ wá gbà á ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Dei-Dei. Mo ti béèrè ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Dei-Dei. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ìtọ́jú gidi ò gbówó lórí. Aṣọ rírọ̀, omi díẹ̀ àti ọṣẹ ìfọwo díẹ̀, kẹ́ ẹ fún aṣọ náà dáadáa, kẹ́ ẹ fi òmíràn tó gbẹ nù ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ igi gidi tàbí fínía tó ní fánìṣì, ẹ lè fi ìda oyin tàbí wáàsì tí kò ní sílíkónì pa á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún, kẹ́ ẹ sì nù ún kó dán. Ẹ ta kọ́tìnì tẹ́ ẹ bá páàkì sójú oòrùn, torí oòrùn Àbújá ń ṣá àwọ̀ igi ju ọyẹ́ lọ. Tẹ́ ẹ bá sì rí ibi tó dúdú lẹ́bàá fèrèsé tàbí lábẹ́ òrùlé, ẹ má fi nǹkan kan pa á. Òjò ló ń jò wọlé. Ẹ gòkè lọ wo rọ́bà àti ohun tí wọ́n fi dí etí fèrèsé, torí ìyẹn ló ń pa igi inú mọ́tò ilé jù, ọkùnrin yìí sì mọ bó ṣe ń fi òróró bo irú ojú ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

Igi tí wọn ò tíì fi nǹkan kan pa rárá nìkan ló ń mu òróró. Ẹ kán omi sí i níbi tó fara sin, bí ẹ̀yìn dúrọ́ọ̀: tó bá fà á mu, tó sì ṣú, líńsídì tó ti sè lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ẹ má ká àkísà tó mu líńsídì jọ sínú mọ́tò. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ níta kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi.

Ẹ̀yin tó ti ṣẹlẹ̀ sí ńkọ́? Ẹ má fi sáńpépà kàn án, torí fínía àti náílọ̀n á dá lu. Tó bá jẹ́ náílọ̀n tàbí bébà, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ ìfọwo ni, lẹ́ẹ̀mélòó kan. Tó bá jẹ́ fánìṣì, tọpẹntáìnì lára aṣọ, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó fara sin, kẹ́ ẹ ṣí gbogbo fèrèsé, kẹ́ ẹ pa gáàsì láti ẹnu sìlíńdà. Ẹ máa pààrọ̀ aṣọ ni o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kàn ń tì í kiri ni. Kí káfíńtà yín sì fi ṣẹ́láákì, ìyẹn irú fánìṣì kan tó ń dí ojú igi, bò ó kó tó fín fánìṣì míì sí i. Òun ló bá mi di sílíkónì yẹn mọ́lẹ̀ lára ilẹ̀kùn màmá.

Tó bá jẹ́ àná lẹ sanwó, ẹ sáré lọ sí báǹkì yín lónìí, ẹ ní jìbìtì ni. Ẹ fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti máa gbèjà oníbàárà. Àbújá níbí ni olú iléeṣẹ́ wọn wà, kò sí pé ó jìnnà. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí tẹ́ ẹ fi sanwó, àti àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá fi ránṣẹ́ sí yín. Ìgò náà, ẹ má dà á nù, bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù. Lára àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi, lébẹ́ẹ̀lì wọn ò bára mu, àwọ̀ ìdérí wọn ò bára mu, òróró inú wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà.